Ojú-Ìwé Tó Já Nínú Ìwé Ilẹ̀ Lọ́kọ́jà

Ní tẹ́ẹ̀mù tó kọjá, ìgbéyàwó, oúnjẹ ilẹ̀ wa àti orúkọ àbísọ ni gbogbo èèyàn kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yìí. Ó dùn mọ́ mi láti kà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní kí àwa JSS 2 náà mú tiwa wá, mo ní òkúta ni mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n kan tilẹ̀ sọ pé èdè Yorùbá ò lè gbé irú ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì bẹ́ẹ̀, pé tí mo bá fi máa dé orí mílíọ̀nù ọdún, èdè á ti tán lẹ́nu mi. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wò ó.

Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni ọjọ́ orí ilẹ̀, àti bí ẹ̀dá alààyè àti ilẹ̀ ńláńlá ayé ṣe ń yí padà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Mi ò ní lọ jìnnà kí n tó bẹ̀rẹ̀. Otokiti níbí ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀, torí pé ní agbègbè Lọ́kọ́jà yìí, ohun kan wà tó yà mí lẹ́nu gan-an. Òkúta méjì wà tó fara kan ara wọn, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún tó wà láàárín àwọn méjèèjì lé ní 500 mílíọ̀nù. Ẹ tún nọ́ńbà yẹn kà. Ẹ lè fi àtàńpàkò kan lé ibi tí wọ́n ti pàdé, kí ẹ sì fi í bo gbogbo ọdún yẹn mọ́lẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí òkúta ṣe ń pa ọjọ́ orí mọ́. Gbogbo wa la mọ ààtàn tó wà lẹ́yìn kíṣìnnì. Èèpo iṣu ọjọ́ Ajé ló wà nísàlẹ̀, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ Ọjọ́rú wà lórí rẹ̀, ọ̀rá omi ọjọ́ Ẹtì ló wà lókè pátápátá. Ẹni tó lọ sílé lọ́sẹ̀ yẹn lè dé, kó wo ààtàn náà, kó sì mọ ohun tí a jẹ àti èyí tí a kọ́kọ́ jẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilẹ̀ rí. Odò á gbé yanrìn wá, á dà á sílẹ̀. Lọ́dún mìíràn á gbé ẹrẹ̀ wá, á dà á lé e. Bí ẹrù yẹn ṣe ń wúwo sí i, èyí tó wà nísàlẹ̀ á máa fún pọ̀, ohun tó yòrò sínú omi á máa lẹ̀ ẹ́ pọ̀ bíi sìmẹ́ńtì, títí á fi di òkúta. Ewé tó bọ́ síbẹ̀ àti ẹja tó kú síbẹ̀ á há sínú rẹ̀. Ìpele ìsàlẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n, ti òkè ni àbúrò.

Ará Ìlú Ọba kan tó ń jẹ́ William Smith, tó ń wọn ilẹ̀ fún àwọn tó ń gbẹ́ ọ̀nà omi, ló ṣàkíyèsí pé ìpele kọ̀ọ̀kan ní irú ẹ̀dá tirẹ̀ tó há sínú rẹ̀, àti pé bí ó bá rí irú ẹ̀dá kan náà ní ìlú míì, á mọ̀ pé ìpele kan náà ló dé. Ní 1815, ó gbé máàpù òkúta ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde. Láti ara irú iṣẹ́ yìí ni wọ́n ti wá to gbogbo ìgbà ayé lẹ́sẹẹsẹ.

Àmọ́ ààtàn kò lè sọ iye ọdún. Ó lè sọ èyí tó ṣáájú, kò lè sọ ìgbà tó jẹ́. Ohun tó ń sọ iye ọdún ni nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní uranium, tó máa ń wà ní ìwọ̀nba kékeré nínú àwọn òkúta kan. Uranium kì í jókòó jẹ́ẹ́. Díẹ̀ díẹ̀ ló ń sọ ara rẹ̀ di òjé, kì í yára, kì í sì í falẹ̀ ju bó ṣe máa ń ṣe lọ, òjò ì báà rọ̀, oòrùn ì báà ràn. Tí ẹ bá ní odindi kóńgò kan nínú irú uranium tó wọ́pọ̀ jù, lẹ́yìn nǹkan bí 4,500 mílíọ̀nù ọdún, ààbọ̀ kóńgò ló máa kù. Ààbọ̀ tó kù ti ń di òjé. Nítorí náà, ẹni tó bá wọn òjé àti uranium inú hóró òkúta kan, tó sì fi wọ́n wéra, lè mọ ìgbà tí hóró náà dì.

Iye tí wọ́n rí fún ayé fúnra rẹ̀ ni nǹkan bí 4,540 mílíọ̀nù ọdún. Mílíọ̀nù kan ni ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún. (Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rí i pé èdè ò tíì tán?) Tí ẹnìkan bá ń ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta, kó máa ka ẹyọ kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kó má jẹun, kó má sùn, ó máa ka mílíọ̀nù kan tán láàárín ọjọ́ méjìlá. Kó tó ka 4,540 mílíọ̀nù, á ti lò ju ogóje ọdún lọ.

Kíkà yẹn ò tíì tó mi, torí náà èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì so okùn tí a fi ń sá aṣọ pọ̀ títí ó fi gùn tó mítà 45 àti díẹ̀, a sì nà án sórí pápá. Mítà kan dúró fún 100 mílíọ̀nù ọdún. Sẹ̀ǹtímítà kan jẹ́ mílíọ̀nù kan. Orí okùn ni ìgbà tí ayé bẹ̀rẹ̀, ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ wa ni òní. (Mátírọ́ọ̀nù ti gba okùn wọn padà, kí ẹnikẹ́ni má wá a mọ́.)

Ẹ bá mi rìn láti orí okùn náà. Ẹ máa rin nǹkan bíi mítà mẹ́wàá kí ẹ tó kan àmì ẹ̀dá alààyè tó dájú. Kì í ṣe ẹja, kì í ṣe igi o; àwọn ẹ̀dá tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí ni, tí wọ́n ń gbé nínú omi. Wọ́n ti rí àmì wọn nínú òkúta ilẹ̀ Australia tó ti tó 3,500 mílíọ̀nù ọdún. Àwọn kan lára irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ kọ́ bí a ṣe ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn se oúnjẹ, wọ́n sì ń mí ọ́síjìn jáde. Ọ́síjìn yẹn kọ́kọ́ lọ bá irin tó ti yòrò sínú omi òkun, ó mú kó dípẹtà, irin náà rì sí ìsàlẹ̀ òkun ní ìlà-ìlà. Ìgbà tí ó di nǹkan bí 2,400 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ni ọ́síjìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nínú afẹ́fẹ́. Irin tó wà ní Itakpe, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Òkèné, náà jẹ́ irin ìgbà ìpìlẹ̀ ayé, ó sì ní ìlà dúdú àti ìlà tó mọ́ lára. Ẹni tó bá ti bá ọkọ̀ ojú irin Ìtakpe lọ sí Warri ti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Mítà 40 nínú mítà 45 yẹn, àwọn ẹ̀dá kéékèèké yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ nìkan ni ayé. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Precambrian. Èmi ń pè é ní ìgbà ìpìlẹ̀. Mítà márùn-ún àti díẹ̀ tó kù ni wọ́n pín sí mẹ́ta, wọ́n sì fi èdè Gíríìkì sọ wọ́n lórúkọ tó túmọ̀ sí ìgbà ẹ̀dá àtijọ́, ìgbà ẹ̀dá àárín, àti ìgbà ẹ̀dá tuntun. Ìgbà ẹ̀dá àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 539 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ti àárín bẹ̀rẹ̀ ní 252, tuntun bẹ̀rẹ̀ ní 66. Apá tó kẹ́yìn nínú ìgbà àárín ni wọ́n ń pè ní Cretaceous, tí wọ́n fà yọ láti inú ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí ẹfun. Ìgbà Ẹfun! Ẹ di orúkọ yẹn mú, torí òun ló bí Òkè Patti.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá padà sí Lọ́kọ́jà. Òkúta tó wà nísàlẹ̀ pátápátá níbí ni akọ òkúta, àwọn kan dúdú, àwọn kan ní ìlà funfun bí ẹni pé wọ́n fi ọwọ́ ro wọ́n pọ̀ bí ìyẹ̀fun. Ìdílé kan náà ni wọ́n pẹ̀lú Òkúta Olúmọ, Òkè Ìdànrè àti Òkúta Zuma. Àwọn kan nínú ìdílé náà ti dàgbà gan-an. Àwọn òkúta kan wà ní apá Kàdúná tó ti tó 3,000 mílíọ̀nù ọdún. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ilẹ̀ ńláńlá wá kọlu ara wọn, wọ́n pò wọ́n, wọ́n sè wọ́n, wọ́n ti òkè gíga sókè. Ìyẹn bọ́ sí mítà mẹ́fà sí ìdí okùn wa.

Lórí akọ òkúta yẹn gan-an ni òkúta yanrìn Lọ́kọ́jà jókòó lé. Òkúta yanrìn yìí kò tó 90 mílíọ̀nù ọdún. Nǹkan bí 80 ni wọ́n ń kà fún un. Lórí okùn, ẹ ti kúrò ní mítà mẹ́fà, ẹ bọ́ sí sẹ̀ǹtímítà 80. Ẹ wo ohun tó wà láàárín! Mítà márùn-ún gbáko.

Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín mítà márùn-ún yẹn níbòmíràn? Ohun púpọ̀. Ẹja kọ́kọ́ fara hàn. Ewéko gun orí ilẹ̀, torí ilẹ̀ ti ṣófo láti ọjọ́ yìí, kò sí koríko kan ṣoṣo lórí rẹ̀. Kòkòrò tẹ̀lé e. Àwọn ẹja kan tí lẹbẹ wọn ti ń dà bí ẹsẹ̀ wọ́ jáde sí etí omi ní nǹkan bí 375 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, àwọn tó sì ti ara irú wọn jáde ló di ọ̀pọ̀lọ́, alángbá, ẹyẹ, ewúrẹ́ àti àwa náà. Igbó ńlá hù, ó wó, ó di èédú tí wọ́n wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. (Èédú tiwa ní Okaba, nítòsí Ankpa, kéré sí ìyẹn, nǹkan bí 70 mílíọ̀nù ọdún ni.) Ní 252 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ikú ńlá kan dé: nínú ẹ̀yà ẹ̀dá mẹ́wàá tó wà nínú òkun, bíi mẹ́sàn-án parẹ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn dáínósọ̀ wá. Àwọn òkúta ilẹ̀ Karoo ní South Africa ní ọ̀pọ̀ nínú ìtàn yìí lára. Lọ́kọ́jà kò ní nǹkan kan nínú rẹ̀. Ẹ lè gbẹ́ gbogbo ìlú yìí láti Otokiti dé Felele, ẹ ò ní rí òkúta ìgbà yẹn.

Mo bi tíṣà jọ́gíráfì wa pé ṣé ọdún wọ̀nyẹn ò dé ibí ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní òjò rọ̀ níbí, oòrùn ràn níbí, ilẹ̀ mọ́ lójoojúmọ́ bí ó ti ń mọ́ níbòmíràn. Ṣùgbọ́n ibi tó ga kì í kó yanrìn jọ. Ńṣe ló ń pàdánù rẹ̀. Ilẹ̀ wa ga nígbà yẹn, òkè ńlá ló wà lórí rẹ̀, omi sì ń bó o lọ díẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀rí rẹ̀ nìyí: irú akọ òkúta onílà yẹn kì í dá sílẹ̀ lójú ilẹ̀. Ìsàlẹ̀ jíjìn, kìlómítà mélòó kan nínú ilẹ̀, níbi tí ooru ti pọ̀ tí ẹrù sì wúwo, ni wọ́n ti ń sè é. Bí ó bá wá wà lójú ilẹ̀ lónìí tí a fi ń jókòó lé e, a jẹ́ pé gbogbo ohun tó bò ó mọ́lẹ̀ ti lọ. Kìlómítà òkúta ti lọ! Bí ìpele kankan bá tilẹ̀ fara balẹ̀ níbí ní àárín ìgbà yẹn, omi ti fọ̀ ọ́ kúrò. Àwọn ojú-ìwé yẹn já ni, kì í ṣe pé ìtàn ò ṣẹlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí mú mi rántí ìyá àgbà mi. Ará Ọ̀wọ́rọ̀ ni wá, Agbájà lórí òkè ni ilé wa. Ìyá àgbà lè ka orúkọ baba wọn, baba tó bí baba wọn, títí dé ẹni kẹrin. Tí wọ́n bá dé ẹni kẹrin, wọ́n á dákẹ́. Nígbà tí mo bi wọ́n pé ta ló bí ìyẹn, wọ́n ní ogun Núpé kó àwọn tó mọ̀ ọ́n lọ. Gbogbo ọmọ Òkun àti Ọ̀wọ́rọ̀ tó wà nínú ẹgbẹ́ yìí ti gbọ́ nípa ogun yẹn, bí wọ́n ṣe ń ti Bídá wá kó èèyàn lẹ́rú ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Mo ní, "Ìyá àgbà, ṣé kò sí ẹnìkankan lẹ́yìn ẹni kẹrin ni?" Wọ́n wò mí bí ẹni pé orí mi ò pé. "Bí kò bá sí, ta ló wá bí ọ?" Ìdáhùn yẹn àti ti tíṣà jọ́gíráfì, mo kọ àwọn méjèèjì sójú kan náà nínú ìwé mi.

Báwo wá ni òkè ṣe di ibi tó ń kó yanrìn jọ? Ilẹ̀ ya ni. Títí di nǹkan bí 130 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, kò sí òkun kankan láàárín Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n. Ẹ mú máàpù ayé inú kíláàsì wa, kí ẹ wo èjìká Brazil tó yọ síta, kí ẹ sì wo abíyá Áfíríkà níbi tí Nàìjíríà àti Cameroon ti pàdé: ọ̀kan wọ inú èkejì bí ọmọ ṣe ń wọ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Ará Jámánì kan, Alfred Wegener, sọ ọ́ fáyé ní 1912 pé àwọn ilẹ̀ ńlá ń rìn. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́, torí kò lè sọ agbára tó ń tì wọ́n. Ó kú ní Greenland ní 1930, kò rí ọjọ́ tí wọ́n gbà á gbọ́. Nígbà tó di ọdún 1960 sókè, tí wọ́n ti wọn ìsàlẹ̀ òkun Àtìláńtíìkì, wọ́n rí i pé àárín òkun náà ń ya, òkúta yíyọ́ ń jáde níbẹ̀, ó ń dì, ó sì ń ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kúrò lọ́dọ̀ ara wọn. Bí èékánná wa ṣe ń yára hù ni ilẹ̀ náà ṣe ń yára lọ. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ń lọ.

Ẹ̀rí tí mo fẹ́ràn jù ni ti ọ̀nì. Nínú aṣálẹ̀ Ténéré ní orílẹ̀-èdè Niger, wọ́n rí eegun ọ̀nì kan tó gùn tó nǹkan bíi mítà mẹ́wàá, tó gbé ayé ní nǹkan bí 110 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Sarcosuchus ni wọ́n sọ ọ́. Wọ́n rí ìbátan rẹ̀ ní Brazil. Inú odò ni ọ̀nì yìí ń gbé, kì í ṣe inú òkun, kò sì sí bí ó ṣe lè lúwẹ̀ẹ́ la Àtìláńtíìkì já. Ilẹ̀ ló gbà. Tí mo bá rántí pé wọ́n kó àwọn èèyàn wa sínú ọkọ̀ lọ sí Bahia, tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ wà lórí omi, mo máa ń rò ó pé omi yẹn gan-an jẹ́ àlejò.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ya, ọ̀nà mẹ́ta ló yà sí, wọ́n sì pàdé nítòsí ibi tí ẹnu Odò Ọya wà lónìí. Méjì ṣí tán, wọ́n di òkun. Ìkẹta forí lé àríwá ìlà-oòrùn, ó ya dé ibì kan, ó kọ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń ya aṣọ tí okùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú un dúró. Ìyẹn ni kòtò gígùn tí Odò Bẹ́núè ń gbà. Kòtò míì là láti apá Kontagora wá sọ́dọ̀ wa, òun ni Odò Ọya ń bá bọ̀. Ibi tí wọ́n ti pàdé níwájú ìlú wa, tí gbogbo èèyàn ń lọ ya fọ́tò, ojú ọgbẹ́ ìyapa yẹn ló wà.

Kòtò ti wà, òjò ń rọ̀, odò ń kó òkúta láti ara òkè wá dà sínú rẹ̀. Bí òkúta yanrìn Lọ́kọ́jà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Òkúta wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ ṣì ní igun, kò dán, torí omi kò tíì gbé wọn rìn jìnnà kó tó jù wọ́n sílẹ̀. Àwọn tí ilé wọn wà ní Ganaja àti Adankolo mọ iṣẹ́ yìí dáadáa. Nígbà ìkún omi ọdún 2012 àti ti 2022, tí omi fà, yanrìn àti ẹrẹ̀ ló kù sílẹ̀ nínú yàrá. Ọmọ kíláàsì wa kan sọ pé ṣọ́bìrì ni bàbá rẹ̀ fi kó o jáde. Iṣẹ́ tí odò ṣe nínú pálọ̀ wọn náà ló ṣe fún mílíọ̀nù ọdún, tí ẹnikẹ́ni ò sí níbẹ̀ tó máa kó o jáde.

Lórí òkúta yanrìn yìí ni ìpele amọ̀ àti ẹrẹ̀ dúdú wà, tí àwọn onímọ̀ fi orúkọ Òkè Patti pè. Ó ti tó nǹkan bí 70 mílíọ̀nù ọdún. Ó yọ síta dáadáa ní Ahoko, lójú ọ̀nà Àbújá. Nínú rẹ̀ ni ìyẹ̀fun òdòdó wà, irú èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ tí a bá fọwọ́ kan àárín òdòdó. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ó ń pẹ́ nínú òkúta ju eegun lọ, òun ni wọ́n sì fi mọ ìgbà tí ẹrẹ̀ náà balẹ̀. Òkun kò jìnnà nígbà yẹn. Omi òkun wọlé láti gúúsù, ó tún wọlé láti àríwá gba Sahara kọjá. Ní Goronyo, ìpínlẹ̀ Sókótó, wọ́n rí eegun ẹranko òkun kan tó dà bí awọ́nríwọ́n ńlá. Orúkọ ìlú náà ni wọ́n fi sọ ọ́, Goronyosaurus. Sókótó tí a mọ̀ sí ilẹ̀ gbígbẹ yẹn o!

Èyí tó wà lókè pátápátá ni irin. Ẹni tó bá ti gun Òkè Patti tàbí tó ti dé Agbájà ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀: òkúta pupa tó kún fún hóró róbótó-róbótó bí ẹyin ẹja. Inú omi tí kò jìn ló ti dá sílẹ̀. Hóró kékeré kan á máa yí nínú ìgbì omi, irin á máa bò ó, á tún yí, irin á tún bò ó. Irin yìí le ju yanrìn àti amọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ, ó dé wọn lórí bíi páànù ilé. Ìdí nìyẹn tí orí Òkè Patti àti ti Agbájà fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Níbi tí páànù náà ti ṣí, òjò ti kó gbogbo rẹ̀ lọ. Níbi tó ṣì wà, òkè ṣì wà.

Ó ti pẹ́ tí ìjọba àti àwọn ilé-iṣẹ́ ti mọ̀ nípa irin Agbájà. Phosphorus pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìyẹn máa ń mú kí irin tí wọ́n bá fi rọ nǹkan ṣẹ́, ìdí kan nìyẹn tí wọ́n fi yan irin Itakpe fún Ajaokuta. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ṣì ń wá gbẹ́ ihò wò. Nílé wa, ọ̀rọ̀ náà ń fa àríyànjiyàn. Bàbá mi ní kí wọ́n wà á, àwọn ọ̀dọ́ á ríṣẹ́, ọ̀nà á dára. Ìyá àgbà ń bi wọ́n pé ibo ni wọ́n máa kó ibojì àwọn ẹni mẹ́rin yẹn lọ. Èmi ò tíì mọ ti ẹni tí mo máa tẹ̀lé. Ohun tí mo kàn mọ̀ ni pé bí wọ́n bá ṣí páànù yẹn, yanrìn abẹ́ rẹ̀ kò ní pẹ́ bá òjò lọ, ojú-ìwé míì á sì já.

Ní 66 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, òkúta ńlá kan já láti ojú sánmà, ó bọ́ sí Mexico, dáínósọ̀ àti ẹranko bíi ti Goronyo parẹ́, àyàfi àwọn ẹyẹ tó jẹ́ ìran dáínósọ̀. Adìyẹ wa jẹ́ ara wọn. Lẹ́yìn náà ni àwọn ẹranko tó ń fún ọmọ lọ́mú gbilẹ̀. Ní gúúsù ìlà-oòrùn Nàìjíríà, wọ́n rí eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àbùùbùtán àtijọ́ kan tó ti lé ní 40 mílíọ̀nù ọdún, wọ́n sì sọ ọ́ ní Pappocetus lugardi ní 1920. Lugard kan náà tó ní ilé ìsinmi lórí Òkè Patti ni. Ọkùnrin náà gba orúkọ káàkiri, ó tún gba ti ẹja tí kì í ṣe ẹja.

Àwa èèyàn ńkọ́? Irú àwa yìí ti wà fún nǹkan bí 300,000 ọdún. Lórí okùn, mìlímítà mẹ́ta. Egungun èèyàn tí wọ́n rí ní Ihò Ẹlẹ́rù, ní Ìsàrun nítòsí Àkúrẹ́, ní 1965, ti tó nǹkan bí 13,000 ọdún. Ìyẹn ò nípọn ju irun orí méjì lọ lórí okùn wa. Ọjọ́ tí wọ́n dá Ẹgbẹ́ Yorùbá sílẹ̀, ẹ má wá a, ojú ò lè rí i. (Àwọn kan ti bi mí nípa ọjọ́ mẹ́fà inú Bíbélì. Ìbéèrè yẹn ju JSS 2 lọ, ẹ bi tíṣà CRK. Òkúta ni tèmi.)

Mo mú òkúta mẹ́ta wá láti ilé lẹ́yìn ìsinmi: akọ òkúta onílà kan, òkúta yanrìn kan, àti irin Agbájà kan tó ní hóró bí ẹyin ẹja. Wọ́n wà lórí pẹpẹ ẹgbẹ́ wa nínú láìbùrárì, mo sì tò wọ́n lé ara wọn bí wọ́n ṣe wà nínú ilẹ̀. Ẹ lè fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi ti irin yẹn kọ nǹkan sára ògiri họ́sítẹ̀lì, torí ó ń kọ pupa, kì í sì í tètè parẹ́.